Ẹ Má Pe Carl Perkins ní Olórí Burúkú

Ẹjọ́ kan wà tí wọ́n ti dá tipẹ́, tí ó sì yẹ kí a pè padà wá sí iwájú àgbà. Ẹjọ́ náà ni ti Carl Perkins, ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé irú orin tí wọ́n ń pè ní rockabilly jáde ní gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà lẹ́yìn ọdún 1950. Níbikíbi tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ìdájọ́ méjì ni a máa ń gbọ́. Ìdájọ́ kìíní ni ti àwọn aláàánú. Wọ́n ní orí ọkùnrin yìí ni kò gbè é. Wọ́n ní adé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí i lórí kí ọkọ̀ tó ṣe é léṣe lójú ọ̀nà, tí Elvis Presley sì lọ jókòó sórí ìtẹ́ tí ó yẹ kí ó jẹ́ tirẹ̀. Ìdájọ́ kejì ni ti àwọn onínúfùfù. Wọ́n ní òyìnbó ni, orin àwọn aláwọ̀ dúdú ni ó kọ, nítorí náà olè ni, kò sì sí ìdí tí a fi ń káàánú olè. Èmi kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Mo fẹ́ fi hàn pé àìsàn kan náà ni ó ń ṣe àwọn adájọ́ méjèèjì: ọba nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n kà. Ọ̀kan ń wá ẹni tí adé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, èkejì ń wá ẹni tí ó jí adé gbé. Kò sí èyí tí ó béèrè pé ta ni ó kọ́ ta, kí sì ni akẹ́kọ̀ọ́ san fún olùkọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí a ń dá lẹ́jọ́. Ọjọ́ 9, oṣù kẹrin, ọdún 1932 ni wọ́n bí Carl Perkins nítòsí Tiptonville, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Tennessee, lẹ́bàá odò Mississippi. Àgbẹ̀ tí kò ní ilẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀. Lórí oko olówó ni wọ́n ti ń gbin òwú. Bí ìkórè bá dé, onílẹ̀ a mú ìpín tirẹ̀, a sì yọ gbèsè oúnjẹ àti ti irúgbìn. Ohun tí ó bá ṣẹ́kù, bí nǹkan kan bá ṣẹ́kù, ni ti àgbẹ̀. Ọmọ náà kò ju bí ọmọ ọdún mẹ́fà lọ nígbà tí òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í já òwú. Aláwọ̀ dúdú ni ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n jọ ń já a. Orin ìsìn wọn àti orin iṣẹ́ wọn ni ó ń gbọ́ lọ́sàn-án. Ní alẹ́ Sátidé, rédíò bàbá rẹ̀ a máa gbé Grand Ole Opry wá láti Nashville, níbi tí àwọn òyìnbó ìgbèríko ti ń kọ orin country tiwọn.

Nínú oko yẹn ni ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ John Westbrook. Ó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Carl a máa pè é ní Uncle John. Kí òǹkàwé Yorùbá má ṣe rò pé bí ẹni ń pe àgbà ní Bàbá ni èyí o. Ní gúúsù Amẹ́ríkà ìgbà náà, òyìnbó kì í pe aláwọ̀ dúdú ní Ọ̀gbẹ́ni. Uncle ni wọ́n fi ń rọ́pò oyè tí wọn kò fẹ́ fún un. Síbẹ̀, àgbà yìí ni ó fi ìka ọmọ náà lé gìtá, òun ni ó sì fi ọ̀nà tí àwọn olórin blues ń gbà mú kí okùn sọ̀rọ̀ hàn án. Carl kò ní owó okùn tuntun. Bí okùn bá já, a so ó pọ̀, a sì máa lò ó lọ. Bí ó bá wá fẹ́ fa ìka gba orí okùn náà kọjá, kókó a gé e lọ́wọ́. Nítorí èyí ni ó ṣe kọ́ láti máa ti okùn sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ohùn rẹ̀ lè yí láìjẹ́ pé ìka kúrò lójú kan. Àwọn tí ń fi gìtá ṣe iṣẹ́ ṣe mọ ìyí ohùn yìí mọ́ ọn títí tí ó fi kú.

Nígbà tí ó dàgbà, òun àti àwọn arákùnrin rẹ̀, Jay àti Clayton, ń ṣeré ní àwọn ilé ọtí ní agbègbè ìlú Jackson. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì lọ́sàn-án, ó ń ta gìtá lóru. Orin tí wọ́n ń ṣe nínú ilé ọtí wọ̀nyẹn ni ọ̀rọ̀ àti ìtàn orin country tí a gbé ka orí ìlù àti ìyí ohùn blues, tí a sì mú kí ó yára kí ẹsẹ̀ lè jó o. Ohun tí rockabilly jẹ́ nìyí. Ní ọdún 1954, nígbà tí àwo tí Elvis kọ́kọ́ ṣe jáde láti ilé-iṣẹ́ Sun ní Memphis, Perkins gbọ́ ọ lórí rédíò, ó sì mọ̀ pé ohun tí òun náà ti ń ṣe nìyẹn. Ó gbéra, ó di Memphis, ó lọ kan ilẹ̀kùn Sam Phillips, ẹni tí ó ni Sun.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a gbé ìdájọ́ àwọn aláàánú yẹ̀ wò. Ní oṣù kejìlá ọdún 1955 ni Perkins gba orin rẹ̀ "Blue Suede Shoes" sílẹ̀ ní Sun. Orí àpò bébà tí a fi kó pòtétò ni ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Àwo náà jáde ní ọjọ́ 1, oṣù kìíní, ọdún 1956, ó sì tà ju mílíọ̀nù kan lọ, èyí tí àwo kankan láti Sun kò ṣe rí kí ó tó dé. Ní ọjọ́ 22, oṣù kẹta, bí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń lọ sí New York láti kọ ọ́ lórí ètò tẹlifíṣọ̀n Perry Como, ọkọ̀ wọn kọlu ọkọ̀ mìíràn nítòsí ìlú Dover ní ìpínlẹ̀ Delaware. Carl farapa ní ọrùn àti ní èjìká, Jay farapa jù ú lọ. Ní àkókò náà gan-an ni Elvis ń gun tẹlifíṣọ̀n. Ibí yìí ni àwọn aláàánú ti ń mí kanlẹ̀, tí wọ́n ń sọ pé ibẹ̀ ni adé ti bọ́.

Àwọn àgbà ní orí burúkú kì í wú tuulu. Báwo ni àwọn wọ̀nyí ṣe wá fojú rí ti Perkins tó bẹ́ẹ̀? Ìṣirò ọjọ́ lásán tó láti tú ọ̀rọ̀ wọn ká. Elvis ti gba orin kan náà sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ RCA ní oṣù kìíní ọdún 1956, ó sì ti kọ ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n ní oṣù kejì, kí ọkọ̀ ẹnikẹ́ni tó dé Dover. Nígbà tí Perkins sì wà lórí ibùsùn, àwo rẹ̀ kò kú: ó gòkè dé ipò kejì nínú ìwé ìṣirò orin gbogbogbòò tí ìwé ìròyìn Billboard ń tẹ̀, ó ga nínú ti country, ó sì ga nínú ti rhythm and blues pẹ̀lú. Ti Elvis kò kọjá ipò ogún. Kí oṣù kẹrin tó parí, Perkins ti padà sórí ìtàgé. Ní oṣù karùn-ún, ó dé ètò Perry Como tí ó ń lọ tẹ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ọkọ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó pàdánù ohun gbogbo lọ́jọ́ náà ni àgbẹ̀ tí ó wà nínú ọkọ̀ kejì, nítorí pé ó kú. Ọgbọ̀n ọdún, ogójì ọdún, àwọn òǹkọ̀wé ń sunkún adé kan lórí ibi tí ènìyàn kú sí, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ni ó sì rántí òkú. Ohun tí kíka ọba ń ṣe fún ojú ènìyàn nìyẹn.

Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀ nígbà náà? Ó rọrùn láti pe orí, nítorí pé orí kì í wá sí kóòtù wá jẹ́jọ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní í ṣe pẹ̀lú owó. Ní ọdún 1955, Sam Phillips ta ìwé àdéhùn Elvis fún RCA ní ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì dọ́là. RCA ní ilé ìtẹ̀wé àwo, ó ní aṣojú ní gbogbo orílẹ̀-èdè, ó sì ní ọ̀nà sí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Sun jẹ́ ilé kékeré kan ní òpópónà Union ní Memphis. Nígbà tí àwọn àwo Perkins tí ó tẹ̀ lé e kò ta tó ti àkọ́kọ́, kò sí agbára ńlá kankan tí yóò tì wọ́n lẹ́yìn. Sun ní Johnny Cash àti Jerry Lee Lewis láti bójú tó pẹ̀lú. Ní ọdún 1958, Perkins fi Sun sílẹ̀ lọ sí Columbia. Ẹni tí ó bá fẹ́ pe èyí ní kádàrá lè pè é bẹ́ẹ̀. Èmi pè é ní ọjà.

Ọjà yẹn kan náà ni ó pààlà sáàárín àwọ̀ ènìyàn. Ìwé ìṣirò mẹ́ta tí mo dárúkọ lókè kì í ṣe ọ̀rọ̀ irú orin nìkan. Títí di ọdún 1949, "orin ẹ̀yà" ni Billboard ń pe èyí tí ó wá di rhythm and blues, àwọn aláwọ̀ dúdú ni wọ́n sì ń rò nígbà tí wọ́n ń ṣírò rẹ̀. Oṣù kejìlá ọdún 1955 tí Perkins fi gba orin rẹ̀ sílẹ̀ ni àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Montgomery ní Alabama bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ rìn dípò kí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì tí ó ń lé wọn dìde lórí ìjókòó. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni àwo ọmọ àgbẹ̀ òyìnbó kan ti fo ààlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n ẹ wo Rufus Thomas, aláwọ̀ dúdú ará Memphis, tí àwo rẹ̀ "Bear Cat" ti ọdún 1953 jẹ́ àkọ́kọ́ tí ó mú kí gbogbo orílẹ̀-èdè gbọ́ orúkọ Sun. Nígbà tí Phillips rí Elvis, àwọn òyìnbó ni ó gbájú mọ́. Thomas sì sọ ọ́ ní gbangba pé wọ́n gbàgbé àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó kọ́kọ́ gbé ilé náà ró. Bí a bá ń wá ẹni tí wọ́n ti kúrò nídìí àwo oúnjẹ, ẹ jẹ́ kí a wo ibẹ̀ kí a tó wo Dover.

Mo mọ̀ pé àwọn onínúfùfù yóò ti máa pàtẹ́wọ́ báyìí. Wọn yóò ní mo ti gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Rárá o. Ohun tí mo bá ọjà wí fún, n kò lè fi gbogbo rẹ̀ di ẹrù ru ọmọ tí àgbà kọ́ ní gìtá nínú oko òwú. Àwa tí a ń sọ èdè Yorùbá ní òṣùwọ̀n kan fún irú ẹjọ́ yìí, òun náà ni ìbà. Kí onílù tó lu ìlù, kí akéwì tó la ẹnu, a júbà olùkọ́ rẹ̀. Ẹkòló tí ó bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ a lanu fún un. Olè kì í dárúkọ ẹni tí ó ni ẹrù, nítorí pé orúkọ náà ni yóò mú un. Akẹ́kọ̀ọ́ a máa dárúkọ olùkọ́, nítorí pé orúkọ náà ni ẹ̀rí pé ó kọ́ṣẹ́. Perkins dárúkọ. Láti ìgbà tí àwọn oníròyìn ti ń bi í léèrè títí dé ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1996, ó ń sọ pé John Westbrook ni ó kọ́ òun. Bí kò bá sọ ọ́, ta ni ìbá mọ̀? Kò sí àwo kankan tí Westbrook ṣe tí ìbá jẹ́rìí sí i. Nípa "Blue Suede Shoes" náà, Johnny Cash sọ pé òun ni òun fún Perkins ní èrò bàtà yẹn, àti pé ẹnu aláwọ̀ dúdú kan tí wọ́n jọ wà nínú iṣẹ́ ológun òfurufú ní Jámánì, C. V. White, ni òun ti gbọ́ ọ. Ìtàn náà wà títí dòní nítorí pé àwọn tí ó jẹ èrè orin kò fi pamọ́.

N kò wí pé Perkins san gbogbo gbèsè rẹ̀. Ní ọjọ́ 4, oṣù kejìlá, ọdún 1956, bàbá rẹ̀ rán an létí orin àtijọ́ kan tí kò rántí ju ìlà díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ, Carl sì sọ ọ́ di "Matchbox" lójú ẹsẹ̀, Jerry Lee Lewis ni ó bá wọn tẹ dùùrù. Orúkọ Perkins nìkan ni ó wà lórí àwo náà. Ṣùgbọ́n Blind Lemon Jefferson, afọ́jú olórin aláwọ̀ dúdú láti Texas, ti ṣe "Match Box Blues" ní ọdún 1927, Ma Rainey sì ti lo àwòrán àpótí ìṣáná náà nínú àwo tirẹ̀ ní ọdún 1924. Bákan náà ni "Everybody's Trying to Be My Baby" ti Perkins jọ orin tí òyìnbó kan tí ń jẹ́ Rex Griffin ṣe ní ọdún 1936, orúkọ Griffin kò sì sí níbẹ̀. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Lórí orin méjèèjì yìí, mo dá Perkins lẹ́bi. Bí wọ́n bá ní òfin ìgbà náà gbà á láyè, mo gbà. Òfin gba onílẹ̀ láyè pẹ̀lú láti kó òwú bàbá rẹ̀ lọ.

Ẹlòmíràn yóò béèrè pé: kí ni ìwúlò orúkọ lásán? Ṣé a ń fi ìbà ra ẹ̀wà ni? Ìbéèrè tó tọ́ ni. Westbrook kò rí kọ́bọ̀ nínú mílíọ̀nù àwo tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tà, dídárúkọ rẹ̀ kò sì sọ oko di tirẹ̀. Èsì mi ni pé orúkọ kì í ṣe owó, ṣùgbọ́n láìsí orúkọ, a kò lè béèrè owó rárá. Ẹni tí ìtàn kò dárúkọ kò lè ní ẹjọ́ lọ́jọ́ iwájú, kò lè ní àjogún tí yóò sọ pé baba wa ni. Nítorí èyí ni mo fi ń bá àwọn onínúfùfù jà. Bí wọ́n bá ti pe Perkins ní olè, wọ́n rò pé wọ́n ti gbèjà aláwọ̀ dúdú. Ẹ bi wọ́n léèrè pé ta ni ó ni ẹrù, wọn yóò ní "àwọn aláwọ̀ dúdú". Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti tún gbé Westbrook padà sínú ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò lórúkọ, níbi tí onílẹ̀ fi í sí tẹ́lẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ òyìnbó tí wọ́n ń bú ni ó fa ọkùnrin náà jáde.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìyókù ayé rẹ̀, kí a lè mọ̀ bóyá òfìfo ni bí àwọn aláàánú ti ń wí. Ìbànújẹ́ wà níbẹ̀, n kò sẹ́. Kókó inú ọpọlọ pa Jay ní ọdún 1958. Clayton náà kú ní ọdún 1973. Ọtí mú Carl fúnra rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ó tó fi í sílẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti ń bá Cash rìn káàkiri gẹ́gẹ́ bí onígìtá rẹ̀. Orin tí ó ṣe fún Cash, "Daddy Sang Bass", di àkọ́kọ́ nínú ìwé ìṣirò country ní ọdún 1969. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ní ọdún 1964, òun àti Chuck Berry jọ rin ìrìn àjò orin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ni ó ti rí i pé àwọn ọmọ ìlú Liverpool mẹ́rin tí gbogbo ayé ń pariwo wọn mọ orin òun sórí. Ó jókòó ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gba "Matchbox" sílẹ̀. Ní ọdún yẹn, orin mẹ́ta ni Beatles gbà nínú tirẹ̀. George Harrison ti fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi pe ara rẹ̀ ní Carl Harrison nígbà tí wọ́n rìnrìn àjò orin lọ sí Scotland ní ọdún 1960. Ìyí ohùn tí a kọ́ lórí okùn tí a so ní kókó ni ó dé etí gbogbo ayé láti ìka ọmọ Liverpool yẹn. Ní ọdún 1981, Perkins fi orúkọ rẹ̀ àti agbára rẹ̀ dá ilé kan sílẹ̀ ní Jackson tí ń dáàbò bo àwọn ọmọdé lọ́wọ́ ìwà ìkà. Nígbà tí ó kú ní ọjọ́ 19, oṣù kìíní, ọdún 1998, Harrison wá sí ìsìnkú rẹ̀ ní Jackson, ó sì kọrin níbẹ̀. Ìbà ni ìyẹn pẹ̀lú.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò pọ̀. Mo fẹ́ kí àwa tí a ń kọ̀wé lórí orin ní èdè Yorùbá jáwọ́ nínú ìtàn tí ọba ń jẹ tẹ̀ lé ọba, yálà orin Tennessee ni a ń sọ ni, tàbí orin tí ó ń dún ní àdúgbò wa, níbi tí a ti ń fi ọdọọdún jà lórí ẹni tí ó dá irú orin kan sílẹ̀. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Bí a bá ti dárúkọ ẹnikẹ́ni, kí á béèrè ẹni tí ó kọ́ ọ, kí á béèrè bóyá ó dárúkọ onítọ̀hún, kí á sì béèrè ẹni tí owó lọ sí àpò rẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta yìí ni mo fi wọn Carl Perkins. Ó yege nínú èkejì ní apá kan, ó kùnà ní apá kan. Nínú ẹ̀kẹta, òun gan-an rí díẹ̀ nínú ohun tí ó tọ́ sí i, olùkọ́ rẹ̀ kò rí nǹkan kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ sunkún, ibẹ̀ ni ẹkún wà. Ọ̀gbẹ́ni John Westbrook, onígìtá, ará oko òwú ní Tennessee: bí ó ti yẹ kí wọ́n máa pè é láti ọjọ́ yìí nìyẹn, orúkọ rẹ̀ ni ó sì yẹ kí ó ṣáájú nínú ìtàn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.